Wèrèpè Nínú Ẹ̀kọ Gbígbóná

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní Ìjẹ̀mọ̀
nígbà tí mo gbọn irun wèrèpè sórí àga Tíṣà Ṣówùnmí.
Ó fara họ ògiri bí ewúrẹ́.
Pàṣán méjìlá ni mo jẹ, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu mi.
Ta ló mọ̀ pé èso kan náà
ni n ó máa bù sínú oúnjẹ àárọ̀
tí mo bá darúgbó?

Onígbàjámọ̀ ni mí ní Láfẹ́nwá,
ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn ojú irin.
Ọdún mọ́kànlélógójì, abẹ mi ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe,
àfi Sátidé kan tí ọwọ́ ọ̀tún mi dédé ń ka owó
tí ẹnikẹ́ni ò tíì san,
àtàǹpàkò ń yí lórí ìka ìlábẹ̀, ń yí, ń yí.
Etí ọmọ Ṣódìípọ̀ ṣẹ̀jẹ̀.
Mo wé abẹ náà sínú aṣọ. N ò tú u mọ́.

Dókítà ní Ìdí-Àbà pe orúkọ àrùn náà: Pákínsìn.
Mo ní, òyìnbó tó ni í, kí ló gbàgbé sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá?
Ó kọ oògùn oníhóró fún mi.
Ó ní kò ní lé e lọ, yóò kàn máa bẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹni tí wọ́n ní kó máa bẹ àrùn, ṣé yóò jókòó?

Ìyá Ṣókẹ́yẹ ní Àdátán fi àdí gbígbóná wọ́ apá mi,
ó ń wọ́ ọ, ó ń ròyìn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kùwéètì,
oorun gbé mi lọ. Ọwọ́ náà sùn.
Nígbà tí mo jí, ó ti jí ṣáájú mi.
Ará Ṣáínà kan ní Òkè-Ìléwọ́ fi abẹ́rẹ́ sọ mí di òòrẹ̀,
ó gba owó àgbò,
ara mi balẹ̀ fún ọ̀sán kan péré.
Wọ́n ní kí n lọ ki ẹsẹ̀ bọ odò Ògùn ní kùtùkùtù.
Òtútù mú mi: gbígbọ̀n di méjì.

Ìgbà náà ni wèrèpè dé.
Alágbo kan ní Ìtọ́kù yan èso rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ kúnná,
ó dì í sínú bébà ìwé ìròyìn àtijọ́.
Ṣíbí kan, nínú ẹ̀kọ gbígbóná.
Ẹ má pè é nírọ́: lọ́jọ́ kẹrin
mo de bọ́tìnì ẹ̀wù mi fúnra mi, márààrún.
Àbẹ̀jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò sọ nǹkan kan,
ó kàn ń fi ìborí nu ojú.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, lábẹ́ orí tí kò gbọ́n!
Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo bu ṣíbí mẹ́ta
lé hóró dókítà lórí.
Ara mi ń lọ́ bí ìgbín tí wọ́n da iyọ̀ sí,
mo rí bàbá mi tó ti kú, lórí àga ṣọ́ọ̀bù,
ó ní kí n gé e mọ́lẹ̀ dáadáa.

Dókítà ò bínú. Ó ní,
“Bàbá, ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì.
Ife kan lẹ ń da omi sí láti inú ìkòkò méjì.
Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”
Mo ní, “Ẹ ò bi mí.”
Àwa méjèèjì wolẹ̀.

Ó ti tó oṣù méje. Hóró ni mò ń lò báyìí, pẹ̀lú aago.
Àbẹ̀jẹ́ gbé ajọ̀ gààrí fún mi, ó ní
kí ọwọ́ tí kò lè sinmi wá ku nǹkan.
Ó ń kù ú. Gààrí wa kúnná jù ti gbogbo àdúgbò.

Ẹsẹ̀ mi sì máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀
bí ẹni tí wọ́n kàn níṣòó,
títí Fọlákúnmi, ọmọ ọmọ mi,
fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sùwẹ̀ síbẹ̀.
Mo wo ìlà. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Òmíràn. Òmíràn.
Kò sẹ́ni tó tà á fún mi.

“Bàbá àgbà, ẹ ti tẹ ìlà!
Ẹ padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo padà.